Òfin Karùn-ún Igbó Ìjọba

Ọjọ́ Ajé, 4 Fẹ́búárì 1924. Òsí.
Ọ̀sẹ̀ kẹta tí mo tẹ̀lé Tíṣà wá láti Ọ̀fà. Tíṣà ti lọ sí Ìlọrin, ó di oṣù tó ń bọ̀. Èmi nìkan nínú ilé. Àwọn tó bá mi sọ̀rọ̀ lónìí: kò sí. Ewúrẹ́ kan wò mí.

Ọjọ́rú, 6
Kakí ti kan pátákó òfin mọ́ ẹnu ọ̀nà igbó ìjọba. (Abdulwahab lorúkọ rẹ̀, ẹ̀ṣọ́ igbó ni, aṣọ rẹ̀ ni mo fi ń pè é.) Gẹ̀ẹ́sì ni. Kakí kò mọ̀wé, ìlú kò mọ̀wé, igbó yìí sì ni ọ̀nà oko gbà kọjá. Wọ́n ní kí n wá kà á. Gbogbo ọdẹ dúró tì mí, tajátajá.
Òfin mẹ́rin: kí ajá ní okùn lọ́rùn, kí wọ́n má tú u, kó má lé ẹran, èyí tí kò bá ní okùn, ìbọn ni.
Wọ́n ti ń yí padà lọ. Ni mo bá gbọ́ ohùn ara mi: "Ó ku ẹyọ kan. Ẹni tó mọ̀wé ni kó máa di okùn náà mú."
Kò sí lára pátákó. Ọlọ́run, dárí jì mí.

Ọjọ́bọ̀, 7
Àfẹ̀mọ́júmọ́, ìlẹ̀kùn ń dún. Bàbá Adégbóyèga, olórí ọdẹ, àti Tèmiyémi, ajá rẹ̀. "Akọ̀wé, dìde, ajá ń dúró dè ọ́!"
Kakí dúró sórí òkúta — Mùsùlùmí ni, kò fẹ́ kí itọ́ ajá kan òun. "Ṣé ó mọ̀wé?" Bàbá ní, "Ó mọ̀wé!" Kakí bẹ́rí. Fún èmi ni àbí fún ajá, n kò mọ̀.

Àbámẹ́ta, 9
Ajá mẹ́ta. Iṣu sísun ní oko. Wọ́n ní mò ń rìn bí ẹni tí ilẹ̀ ń jó lẹ́sẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín, àwọn náà rẹ́rìn-ín.

Ìṣẹ́gun, 12
Ajá márùn-ún. Kò sáyè ìwé.

Ọjọ́bọ̀, 14
Bàbá Adégbóyèga ní, "Akọ̀wé, kí ni òyìnbó fẹ́ fi ìwé ṣe lọ́rùn ajá?" Mo bu iṣu ńlá sẹ́nu. Bí wọ́n bá mọ̀, kò ní sẹ́ni tí yóò tún kan ìlẹ̀kùn mi mọ́.

Ẹtì, 15
Leah dé, ọmọ ẹ̀gbọ́n Tíṣà. Ó kàwé ní Lọ́kọ́ja. Ó ní lọ́la òun yóò wo pátákó tí gbogbo ìlú ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Àbámẹ́ta, 16
Leah kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó dúró níbi ìkẹrin. Ó wò mí. Ó wo ajá mẹ́rin tó wà lọ́wọ́ mi.
Bàbá bi í: "Ṣé bí Akọ̀wé ṣe kà á náà ni, ọmọ mi?"
"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ó kàn fo ìkẹfà ni."
Mo yíjú sí i.
"Ìkẹfà ní kí akọ̀wé má dá lọ. Kí ẹlòmíràn tó mọ̀wé máa ṣọ́ ọ."
Kakí ní òun ti fura tipẹ́ pé ó ku ọ̀kan.
Leah gba okùn méjì lọ́wọ́ mi. Nígbà tí àwọn ọdẹ ti ṣíwájú díẹ̀, ó ní, "Ìkeje ń bọ̀. N kò tíì mọ ohun tó sọ, ṣùgbọ́n yóò le fún ọ."
Ẹ̀rù ìkeje ń bà mí gidi. Mo ti fọ ṣòkòtò mi méjèèjì sílẹ̀ dè é.