Ìwọ Ni Mo Rí Lójú Fèrèsé

Marlcombe,
Somerset.
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, Oṣù Kọkànlá, 1959.

Mervyn ọmọ mi,

Mo kí ọ. Mo lérò pé ara rẹ le, pé o ń jẹun dáadáa, pé yàrá tí o gbà sí Lọ́ńdọ̀nù kò tutù jù fún àyà rẹ tó máa ń dùn ọ́ nígbà òtútù. Ara tèmi náà kò burú, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ibi tí ìkíni mi mọ nìyẹn. Inú ń bí mi, bí mo bá sì tún kí ọ ju báyìí lọ, irọ́ ni mo ń pa.

Amos Yandle ṣì wà ní àtìmọ́lé. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni ẹjọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Taunton. Agbẹjọ́rò rẹ̀ ti sọ fún Hester ìyàwó rẹ̀ láìfi bò pé nítorí pé ìbọn ni wọ́n fi pa Coral Dence, ọmọbìnrin inú ẹgbẹ́ eléré yín, bí wọ́n bá dá Amos lẹ́bi, wọn yóò yẹgi fún un. Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin! Amos tó gbé ọ pọ̀n láti etí odò dé ilé dókítà lọ́jọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ kán, tó ń mú ọ dání lọ sóko bí ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn tí bàbá rẹ kú sójú ogun. N kò ní kọ ìtàn rẹ̀ fún ọ, ìwọ náà mọ̀ ọ́n.

Ẹnu rẹ̀ ló kó bá a. Nígbà tí ẹ̀yin eléré wá ya fíìmù yín níbí ní oṣù Kẹwàá, ápù ti pọ́n lórí igi. Wọ́n ní ìgbà ìrúwé ni eré àwọn wáyé, ni wọ́n bá ká èso olóko dànù, wọ́n sì so òdòdó pépà mọ́ gbogbo ẹ̀ka. Amos dé, ó wò ó, ó figbe ta níwájú gbogbo abúlé: “Ẹ̀yin wèrè wọ̀nyí! Ẹ tún fọwọ́ kan igi mi lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ wò ó bóyá n ò ní yìnbọn fún ọ̀kan nínú yín!” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Coral gan-an rẹ́rìn-ín, ó sì lọ bẹ̀ ẹ́: “Ẹ má bínú, bàbá. Mo sọ fún wọn pé ìwà òmùgọ̀ ni, wọn ò gbọ́.” Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n bá òkú ọmọ náà nínú abà Amos. Ìbọn Amos, tó máa ń gbé kọ́ ara ògiri níbẹ̀ tí gbogbo ayé ń rí i, wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ka ìró ìbọn kan sí, torí àsìkò ọdẹ ẹyẹ ni, ìbọn ń dún níbí láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́.

Yàrá rẹ àtijọ́ ni Coral wọ̀ sí lọ́dọ̀ mi. Láàárọ̀ ọjọ́ tó kú, bí a ti ń mu tíì, ó sọ fún mi pé òun lóyún fún Lionel Farrant, olórí òṣèré yín, àti pé ọkùnrin náà ní kí òun lọ ṣẹ́ ẹ. Ó ní, “Mo ti kọ̀, mà. Lónìí yìí ni màá sọ fún un pé mo ti kọ̀wé sí ìyàwó ẹ̀.” Mo ní kó ṣọ́ra. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, kí ló fẹ́ fi mí ṣe?” Ohun tó fi í ṣe nìyẹn.

Mo sọ gbogbo èyí fún Sájẹ́ńtì Pook. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì ní asán ni, torí pé láàárín aago méjì sí aago mẹ́ta tí wọ́n pa Coral, Farrant jókòó sójú fèrèsé òkè ilé àlùfáà, wọ́n ń to iná eré sí i lára. Ènìyàn mọ́kànlá ló ti jẹ́rìí pé àwọn rí i. Kí ni wọ́n rí? Kóòtù aláwọ̀ eérú, àti àkẹtẹ̀ tó bo iwájú orí. Àwọn tó ń to iná wà nísàlẹ̀ nínú ọgbà, iná ni wọ́n ń wò, wọn kò wo ojú ẹnikẹ́ni.

Mervyn, iṣẹ́ ta ni láti wọ irú aṣọ Farrant, kó jókòó sí ibi tí Farrant yóò jókòó, títí wọn yóò fi to iná tán kí ọ̀gá tó dé? Iṣẹ́ rẹ ni! Torí pé gíga yín dọ́gba tí èjìká yín sì jọra ni wọ́n ṣe gbà ọ́. Síbẹ̀ o sọ fún ọlọ́pàá pé inú ń run ọ́ lọ́jọ́ náà, pé inú ọkọ̀ tí wọ́n ń kó aṣọ eré sí lo sùn sí, pé Farrant fúnra rẹ̀ ló jókòó. Farrant náà sọ bẹ́ẹ̀. Ẹnu yín ṣọ̀kan.

Èmi àti Hester wà lẹ́bàá odi ọgbà lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Mo rí ọkùnrin tó wà lójú fèrèsé. Mo rí i tó ń fa etí òsì rẹ̀, tó ń fà á, tó ń jù ú sílẹ̀, bí o ṣe máa ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì láti ọmọ ọdún mẹ́ta nígbàkigbà tí mo bá ní kí o jókòó jẹ́ẹ́. Mo rẹ́rìn-ín sínú. N kò mọ̀ pé ohun tí mo ń wò lè gba ẹ̀mí ènìyàn là. Mo sọ eléyìí náà fún Pook. Ó ní, “Ìyáàfin Tapscott, ọmọ yín fúnra ẹ̀ ti bọwọ́ lùwé pé òun kọ́. Ṣé kí n wá lọ sọ fún adájọ́ pé etí fífà ni ẹ fi dá a mọ̀?” Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Mo gbé báàgì mi, mo jáde.

Mo kọ́kọ́ ń dá ọ láre lọ́kàn mi. Mo ní bóyá ẹ̀rù ló bà ọ́, bóyá Farrant ló halẹ̀ mọ́ ọ. Àfi bí mo ṣe ṣí ìwé ìròyìn ọjọ́ Sátidé, tí mo rí ọ, tí o ń rẹ́rìn-ín kèékèé, ọwọ́ Farrant léjìká rẹ. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò náà pé ìwọ ni yóò ṣe àbúrò rẹ̀ nínú fíìmù tó kàn, pé o máa sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọ̀rọ̀ wá yé mi. Ohun tí o fi ọrùn Amos rà nìyẹn! Ojú tì mí débi pé mo ju ìwé náà sínú iná kí Hester má bàa rí i lórí tábìlì mi.

Lẹ́tà kẹta nìyí, o kò dá méjì àkọ́kọ́ lóhùn. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin wá bá ọ lánàá. Obìnrin onílé rẹ ní o kò sí nílé, bẹ́ẹ̀ mo ń wo bàtà rẹ lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Mo kan ilẹ̀kùn náà títí ọwọ́ fi dùn mí. O gbọ́ ohùn mi, o sì dákẹ́ níbẹ̀ bí olè. Èmi ìyá rẹ!

Ohun tí mo fẹ́ kò pọ̀. Kó tó di ọjọ́ Ajé, wọ àgọ́ ọlọ́pàá èyíkéyìí ní Lọ́ńdọ̀nù, kí o sọ pé, “Èmi ni mo jókòó síbẹ̀.” Wọ́n lè tì ọ́ mọ́lé nítorí irọ́ tí o pa. Bí wọ́n bá tì ọ́ mọ́lé, màá máa wá wò ọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, màá sì máa pè ọ́ lọ́mọ mi níwájú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bí o bá fi lè jẹ́ kí wọ́n pa Amos, má wá sí Marlcombe mọ́, kódà bí o bá gbọ́ pé mo kú.

Kí Ọlọ́run fún ọ ní ọkàn tí o fi máa dìde. Kó dáàbò bò ọ́ lọ́wọ́ Farrant, torí ẹni tó pa Coral lè pa ìwọ náà. Kó má sì jẹ́ kí n fi ẹnu tí mo fi ń súre fún ọ ṣépè fún ọ.

Èmi ni ìyá rẹ tó bí ọ, tí kò tíì kọ̀ ọ́,
Winifred Tapscott.

Àfikún: Mo ń wá sítáǹbù lọ́wọ́ ni Hester wọlé. Ọ̀dọ̀ Amos ló ti ń bọ̀. Ó ní wọ́dà kan fi fọ́tò rẹ han Amos nínú ìwé ìròyìn, inú rẹ̀ sì dùn débi pé ó ń fi han àwọn ẹlẹ́wọ̀n tó kù. Ó ní kí Hester sọ fún mi pé: “Ìyá Mervyn, ẹ kú oríire o! Ṣé mo sọ fún yín pé ọmọ yẹn á di èèyàn?” N kò lè gbà á mọ́ra mọ́, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Hester. Ó mu tíì rẹ̀ tán, ó wọ kóòtù rẹ̀ padà, ó ní kí n fún òun ní àdírẹ́sì rẹ. Mo fún un.