Ọpẹ́ Tí Mo Lọ Dá Lọ́dọ̀ Ọ̀gá

Bàámi,

Ẹ kú ìjókòó nídìí máṣíìnì. Ara mi le koko, ẹ má mikàn.

Ilé-iṣẹ́ aránṣọ wa fẹ́ ṣí ẹ̀ka sí àdúgbò yín. Wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ lọ síbẹ̀ kọ́kọ́ sọ fún ọ̀gá rẹ̀, kó tó fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀, ó pẹ́ tán, lọ́jọ́ Jímọ̀. Mo wọlé tọ ọ̀gá mi lọ láàárọ̀ yìí. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ẹni tó bá fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá, ọpẹ́ ni kó fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Mo dúpẹ́ pé wọ́n gbà mí síṣẹ́. Mo dúpẹ́ gbogbo abẹ́rẹ́ tí mo ṣẹ́, àti ọjọ́ tí mo gé apá òsì méjì fún ẹ̀wù kan ṣoṣo tí wọn ò lé mi. Kí n tó dé ìdí ọ̀rọ̀, wọ́n ti bọ̀ mí lọ́wọ́.

"Àwọn yòókù ń wá dágbére, ìwọ wá dúpẹ́! Ìwọ lo máa di olórí yàrá ìgéṣọ."

Mo ní, "Ẹ ṣé, mà." Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe jáde, n kò tíì sọ pé mo fẹ́ máa bọ̀ wálé.

Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Tí gbogbo máṣíìnì ibí bá dákẹ́, tiyín ni mo máa ń gbọ́, èyí tó máa ń wúkọ́ kó tó gbé òwú. Ṣé ẹ ṣì máa ń há ṣọ́ọ̀kì sétí, tí ẹ ó tún máa wá a kiri?

Mo ti fi áyọ́ọ̀nù lọ fọ́ọ̀mù náà, kò ká rárá nínú àpò mi. Jímọ̀ ṣì kù, ọ̀la ni.

Ẹ bá mi kí Màámi. Ẹ ní kí wọ́n má tíì gbé nǹkan lé àga mi.