Lọ́rì Tó Ń Dá Ìlẹ̀kùn Dúró

Ọmọ mi àtàtà, àkọ́bí mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara aya rẹ le? Arẹ́rìn-ín ọmọ rẹ ńkọ́, ṣé eyín iwájú rẹ̀ tó yọ ti ń hù padà? Ọlọ́run Ọba kò ní fi yín sílẹ̀ o, ohun tí ẹ ń wá kiri kò ní gba ẹ̀yìn yín kọjá. Èmi náà wà, mo ń jẹ, mo ń mu, ọwọ́ ọ̀tún mi nìkan ló máa ń gbọ̀n bí mo bá di ayùn mú pẹ́. Nọ́ọ̀sì tó ń gbé ilé kejì sí wa ní kí n lọ sinmi. Mo bi í pé ta ni yóò máa ṣe nǹkan Kérésìmesì fún ọmọ ọmọ mi bí mo bá ń sinmi, ló bá rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn, ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu mi.

Òrùlé ìsọ̀ mi lẹ́yìnkùlé ti ń jò, mo ti fi ike bò ó. Adìẹ kan wá yé ẹyin mẹ́fà sínú èérún igi tí mo fá sílẹ̀, mi ò sì lè lé e, mo wá ń ṣiṣẹ́ yí i ká bí ẹni tó háyà ìsọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Láti ìgbà tí òjò ti dáwọ́ dúró ni mo ti pinnu pé àga kékeré ni mo máa kàn fún Arẹ́rìn-ín lọ́dún yìí. Àga tí ẹsẹ̀ ọmọ kò bá lè kanlẹ̀ lórí rẹ̀, ìyà ni, kì í ṣe àga, ìdí nìyẹn tí mo fi ránṣẹ́ sí ọ pé kí o wọn gíga rẹ̀ fún mi. Inú ọ̀já ló wà nígbà tí mo fojú kàn án kẹ́yìn. O ní kí n má da ara mi láàmú, o ní wọ́n ń ta àga oníke níbẹ̀. Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ọjọ́ tí o wá pe Nọ́ọ̀sì lórí fóònù tó ń fi èèyàn hàn, mo bọ́jú, mo pààrọ̀ aṣọ, mo sì gbọn lẹ́búlẹ́bú igi ara mi dànù dáadáa kí n má baà lọ dà á sí pálọ̀ yín. Bí mo ṣe wọlé Nọ́ọ̀sì báyìí, ọmọ náà ló dúró níwájú mi lójú fóònù. Mo ní kó dúró kí bàbá àgbà wọ̀n ọ́n, ó sì dúró ṣinṣin, ẹnu rẹ̀ wà ní ṣíṣí, kò tilẹ̀ ṣẹ́jú. Mo ní ọmọ yìí mà lẹ́kọ̀ọ́ o! Nọ́ọ̀sì ní nẹ́tíwọ̀kì ló dúró, kì í ṣe ọmọ. Mi ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú ilé yín, ṣùgbọ́n bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fún mi láyè ṣiṣẹ́.

Mo fa tépù mi yọ, mo gbé e lé ojú fóònù. Ọmọ náà kò ju íǹṣì méjì lọ. Má rò pé orí mi ti dàrú, mo mọ̀ pé ọmọ ọdún márùn-ún kò lè kéré tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlẹ̀kùn ilé ìdáná yín wà lẹ́yìn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ mi ò mọye ìlẹ̀kùn tí mo ti gbé kọ́ láyé mi, kò sí èyí tí mi ò mọ gíga rẹ̀. Mo ní kí n wọn ìlẹ̀kùn náà látòkè délẹ̀ kí n lè fi ṣírò ọmọ. Ibi tí tépù mi kanlẹ̀ sí ni mo ti rí lọ́rì onígi kékeré tí mo ṣe fún un ní Kérésìmesì èṣí. Ìlẹ̀kùn fi ara tì í.

Mo kọ́kọ́ rò pé ọmọ ló páàkì í síbẹ̀. Ìgbà tí mo tẹjú mọ́ ọn ni mo rí i pé kò ní táyà. Mo yí fóònù dé kí n lè wo abẹ́ lọ́rì náà, ẹ̀yìn fóònù ni mo rí, Nọ́ọ̀sì sì rọra gbà á lọ́wọ́ mi. Nígbà tí ọmọ náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í mira, mo bi Arẹ́rìn-ín pé lọ́rì rẹ ńkọ́. Ó ní, lọ́rì wo? Mo gbọ́ ohùn kan láti inú ilé tó ní kó sọ pé ẹ ṣé, bàbá àgbà. Ó sọ ọ́. Ó kí mi dáadáa, kò kàn mọ ohun tó ń kí mi fún ni.

Ọmọ mi, lọ́rì tó ní táyà kò lè dá ìlẹ̀kùn dúró, yóò máa yí lọ ni. Ohun tó jẹ́ kó yé mi pé kì í ṣe èèṣì nìyẹn. Ẹnì kan jókòó, ó mú ọ̀bẹ, ó tú u ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ó fi pé mẹ́rin, yóò sì ti làágùn, nítorí pé èmi kì í fi góòmù ṣeré. Ìwọ lo sọ fún mi lẹ́nu ara rẹ pé Arẹ́rìn-ín kò lè sùn láì gbé lọ́rì náà mọ́ra. Odindi ọdún kan ni mo fi ń rántí ọ̀rọ̀ yẹn bí mo bá fẹ́ sùn. Wọ́n ní bí irọ́ bá rin ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa lé e bá. Tìrẹ kò tilẹ̀ rìn jìnnà. Inú bí mi, ó ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí.

Nítorí náà mi ò kan àga mọ́. Igi tí wọ́n fi ń dá ìlẹ̀kùn dúró ni mo gbẹ́ fún yín, òun ni nǹkan Kérésìmesì yín. Bó bá jẹ́ pé ohun tí ẹ ṣaláìní nìyẹn, ṣebí gbẹ́nàgbẹ́nà ni bàbá yín, ẹ ò bá sọ. Mo fi sáńpépà ha á nígbà mẹ́ta, mo fi òróró pa á. Ó dára débi pé dídára rẹ̀ ń bí mi nínú.

Ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń fẹrù ránṣẹ́, akọ̀wé gbé fọ́ọ̀mù fún mi. Wọ́n béèrè pé ṣé ohun tó wà nínú páálí lè fọ́. Mo kọ ọ́ pé igi kì í fọ́, ó máa ń là ni, ó sì máa ń pẹ́ kó tó là. Wọ́n tún béèrè bó ṣe níye lórí tó. Mo bi akọ̀wé pé, lójú ta ni? Ó ní kí n ṣáà kọ nọ́ńbà, èrò wà lẹ́yìn mi. Mo kọ òdo.

Ó kù kí n tọrọ owó lọ́wọ́ rẹ, bí bàbá ṣe ń tọrọ lọ́wọ́ ọmọ. Owó ọkọ̀ ni. Má fi ránṣẹ́ sí mi, fi gbé Arẹ́rìn-ín wá síbí kí ọwọ́ mi tó kọ̀ mí pátápátá, kí n fi ọwọ́ ara mi wọ̀n ọ́n. Kó mú táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dání. Wá wọn lábẹ́ àga, wá wọn nínú àpótí. Bí ẹ bá sì ti dà wọ́n nù, jọ̀ọ́, má tún parọ́ fún mi.

Mo fẹ́ fẹnu ara mi sọ èyí fún ọmọ náà ni, mo ń dúró de ọjọ́ tí ẹ máa wá. Kì í ṣe igi ọjà ni mo fi ṣe táyà yẹn. Ọmọ odó ìyá rẹ ni. Láti ọjọ́ tí ìyá rẹ ti kú ni ọmọ odó náà ti dá dúró sí igun ilé ìdáná, n kò lè fi gún nǹkan, n kò sì lè dáná sun ún. Ibi tí ọwọ́ rẹ̀ máa ń dì mú ni mo gé sí mẹ́rin. Gbogbo ara lọ́rì ni mo fi sáńpépà ha, àfi táyà. Ọwọ́ ìyá rẹ ti mú wọn dán kí n tó dé ibẹ̀.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ ọ, yóò ṣọ́ aya rẹ, yóò ṣọ́ ọmọ. Ohun tí o bá fi ọwọ́ rẹ ṣe fún Arẹ́rìn-ín, kò ní mú ọ̀bẹ tú u. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ.