Mo Ń Gbàṣẹ Lọ́wọ́ Ẹni Tí Ẹran Há Sí Lọ́fun

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le, ṣé ọkàn balẹ̀? Àwa níhìn-ín wà láàyè, a sì ń dúpẹ́. Ọlọ́run tó ń mú ọ jáde láàárọ̀ yóò máa mú ọ wọlé nírọ̀lẹ́, ibi gbogbo tí wọ́n bá ti pè ọ́, kò ní jẹ́ kóòtù. Mo ní láti fi àdúrà yẹn ṣáájú nítorí ohun tí o kọ sí mi.

Mo ka lẹ́tà rẹ, mo tún un kà. O ní ọkùnrin tí o tẹ àyà rẹ̀ lójú títì tó fi jí ti gba lọ́yà, pé egungun ìhà rẹ̀ kan ṣẹ́, ó sì fẹ́ pè ọ́ lẹ́jọ́. O ní láti ìgbà náà ẹ̀rù ń bà ọ́ láti fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni, o sì fẹ́ fi iṣẹ́ ọkọ̀ pàjáwìrì sílẹ̀. Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ náà ká mi lára, ó sì tún ń ṣe mí ní kàyéfì. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé, báwo ni lọ́yà ṣe mọ̀ pé ọwọ́ rẹ ni? Mo ṣe bí torí èyí ni wọ́n ṣe ń fún yín ní ìbọ̀wọ́, kí adájọ́ má baà rí ojú ìka yín lára aláìsàn. Àbí o kò wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà? Mo tún fẹ́ bi ọ́ pé, bí adájọ́ fúnra rẹ̀ bá dákú sórí àga rẹ̀, ta ni yóò kọ́kọ́ dìde? Àwọn àgbà ní ká ṣoore ká má wẹ̀yìn, ó jọ pé láyé tiwọn kò tíì sí lọ́yà lẹ́yìn.

Nítorí kàyéfì yìí náà ni mo ṣe kà á sókè ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi. Bábà tó ń gẹrun lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi gbọ́, àwọn oníbàárà rẹ̀ gbọ́, kí ilẹ̀ tó ṣú gbogbo àdúgbò ti gbọ́ pé ẹni tó bá ran èèyàn lọ́wọ́, ẹ̀wọ̀n ló ń lọ. Àní obìnrin kan ru omi dé, ó ní ká bá òun sọ̀ ọ́, gbogbo wa kàn ń wojú ara wa.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni káfíńtà tí à ń pè ní Ó-Di-Ọ̀la, nítorí kò sí àga tó ń parí lọ́jọ́ tó dá, jókòó sí ṣọ́ọ̀bù bábà, ó ń jẹun, ó ń sọ̀rọ̀, ó tún ń rẹ́rìn-ín, lójijì ni ẹran há sí i lọ́fun. Ó dìde, ó di ọrùn mú, ojú rẹ̀ yọ síta. Bábà gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè kí gbogbo ayé lè rí i pé òun kò fọwọ́ kàn án. Àwọn oníbàárà gbé tiwọn náà sókè, títí kan èyí tí wọ́n fá ìdajì orí rẹ̀. Ẹnìkan pe nọ́ńbà tí ẹ ní ká máa pè, ohùn obìnrin kan nínú fóònù ní ká mú sùúrù, pé àwọn òṣìṣẹ́ ń dá ẹlòmíràn lóhùn. Mo gba fóònù, mo kí i, mo bi í bí ilé ti rí, kò dá mi lóhùn, ohun kan náà ló ń tún sọ. Mo ní ẹ̀rù kóòtù ti ba òun náà nìyẹn.

Mo wá rántí ohun tí o kọ́ mi nígbà tí o wálé, pé kí n dúró sẹ́yìn ẹni náà, kí n gbá a mú, kí n di ẹ̀ṣẹ́ sókè ìdodo rẹ̀, kí n fà á wọnú kí n sì fà á sókè. Ṣùgbọ́n mo ní kí n kọ́kọ́ gbàṣẹ. Mo bi í pé ṣé ẹ gbà kí n fọwọ́ kàn yín, kò fèsì. Mo tún bi í. Ta ni yóò fi ẹran lọ́fun sọ pé bẹ́ẹ̀ ni? Ètè rẹ̀ ti ń dúdú. Ìyàwó rẹ̀ sáré dé, mo bi òun náà bóyá yóò bínú bí opó bíi tèmi bá gbá ọkọ rẹ̀ mú lójú gbogbo èèyàn. Ó ní kí n gbá a mú, kí n tilẹ̀ gbé e lọ sílé bí mo bá fẹ́, kó ṣáà ti mí.

Mo gbá a mú. Mo fà á, mo tún fà á, nǹkan kan dún nínú ìhà rẹ̀, ẹran náà fò jáde, ó ba dígí bábà. Káfíńtà mí, ó jókòó sílẹ̀, ó ń sunkún bí ọmọdé. Èmi náà sunkún. Ìdúró tí a dúró tí a ń wò ó yẹn ló ń dùn mí jù, nítorí èmi ni mo kó ìbẹ̀rù náà wọ àdúgbò.

Ilé ìwòsàn ní egungun ìhà rẹ̀ kan ti sán. Mo di ẹrù mi, aṣọ méjì, ọṣẹ àti abẹ́rẹ́ ìránṣọ, nítorí n kò mọ̀ bóyá wọ́n ń jẹ́ kéèyàn ṣiṣẹ́ lẹ́wọ̀n. Nírọ̀lẹ́ àná, òun àtìyàwó rẹ̀ wọ aṣọ òde wá, ó fi ọwọ́ kan di ìhà mú. Mo ní ó ti dé. Mo nawọ́ kí n gba ìwé kóòtù.

Ó ní ìwé wo? Ó ní òun gbọ́ pé ọmọ tó kọ́ mi ni wọ́n fẹ́ pè lẹ́jọ́, pé ọjọ́ wo ni, nítorí òun ń bọ̀ níbẹ̀. Ó ní òun yóò bọ́ ẹ̀wù níwájú adájọ́, kó fọwọ́ kan ibi tó ń dun òun, kó wá bi òun bóyá ó tẹ́ òun lọ́rùn kí egungun òun pé nínú sàréè.

Nítorí náà, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ sí wa, ti èèyàn mẹ́ta, ìyàwó rẹ̀ ní òun náà ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Má fi sí báńkì mọ́. Èyí tí o fi síbẹ̀ lóṣù tó kọjá ṣì wà níbẹ̀, ẹ̀rọ ara ògiri wọn ní kí n sọ nọ́ńbà àṣírí mi, mo sì sọ fún un pé n kì í bá ẹni tí n kò mọ̀ sọ àṣírí. Awakọ̀ ni kí o fi rán sí wa.

Má fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ọmọ mi. Ọwọ́ rẹ kò ní í rí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Àwọn tí o bá fọwọ́ kàn yóò máa yè, èyí tó bá dúpẹ́ kó dúpẹ́, èyí tó bá bínú kó máa bínú. Ọkùnrin tó ń pariwo kóòtù yẹn, èémí tí o dá padà fún un ló fi ń pariwo.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.