Ìtàn Ìgbésí Ayé Màmá Aláyẹ̀wò, Tí Kò Yọ Ọkọ Wọn Sílẹ̀

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹjọ ọdún 1955, ni wọ́n bí ìyá wa ọ̀wọ́n, tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Màmá Aláyẹ̀wò. Aago méje òwúrọ̀ ku ìṣẹ́jú mẹ́rin ni wọ́n dé ilé ayé. Ó dá wa lójú, nítorí pé iṣẹ́ aago títúnṣe ni bàbá wọn ń ṣe. Aago mẹ́ta ni bàbá náà tò síwájú lọ́jọ́ yẹn, wọn ò sì kọ nǹkan kan sílẹ̀ títí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi fẹnu kò. Aránṣọ ni ìyá wọn. Bí ojú rírán kan bá wọ́ lára aṣọ, gbogbo rẹ̀ ni ìyá yẹn máa tú, ìbáà jẹ́ pé oníbàárà ti wọ̀ ọ́ dé ẹnu ọ̀nà. Òwú tí ìyá gbọ̀n lọmọ ń ran. Ẹni tí irú àwọn òbí báyìí bá bí, kí ẹnikẹ́ni má retí pé yóò mójú kúrò lára nǹkan.

Ní ọdún 1961 wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tí olùkọ́ fi wọ́n ṣe olórí kíláàsì, ẹni tí ń kọ orúkọ àwọn aláriwo sílẹ̀. Lọ́jọ́ kan wọ́n kọ orúkọ mẹ́fà, tiwọn ló ṣìkẹfà, torí pé ẹ̀rín ti bọ́ lẹ́nu wọn nígbà tí ẹnì kan ré bọ́ lórí àga. Olùkọ́ ní kí wọ́n lọ jókòó, wọ́n kọ̀, wọ́n lọ kúnlẹ̀ pẹ̀lú àwọn yòókù. Àwọn márùn-ún yẹn ní èyí ló dun àwọn jù, torí àwọn ò tún rí ẹni bú. Màmá parí ilé ẹ̀kọ́ girama ní ọdún 1974. Ní ọdún 1979 wọ́n gba ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò, ọdún mẹ́wàá ni wọ́n sì fi yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ àwọn aláìsàn wò nílé ìwòsàn.

Ní ọdún 1989 ni ilé iṣẹ́ akẹ́rù ńlá kan gbà wọ́n. Òfin ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde pé gbogbo awakọ̀ àjàgbé gbọ́dọ̀ máa ṣe àyẹ̀wò ọtí àti oògùn olóró: kí wọ́n tó gbà á síṣẹ́, lẹ́yìn ìjàǹbá, àti lọ́jọ́ tí kò rò tẹ́lẹ̀. Yàrá kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń kó táyà sí ni wọ́n fún Màmá. Tábìlì kan ló wà níbẹ̀, àga méjì, ẹ̀rọ tí èèyàn ń fẹ́ atẹ́gùn sí, àti páálí tó kún fún ife oníke onídèérí. Nínú ilé ìtọ̀ tó wà lẹ́yìn yàrá náà, wọ́n ti omi ẹ̀rọ pa, wọ́n sì da aró sínú omi àwo ìgbọ̀nsẹ̀, kí ọlọ́gbọ́n kankan má baà bù ú lé ìtọ̀. Kọ̀ǹpútà ló ń yan nọ́ńbà ẹni tó kàn. Bí nọ́ńbà ẹ bá jáde, ìsinsìnyí ni. Ẹni tó bá ní òun ń bọ̀, tó wá gba ẹ̀yìn ọgbà lọ, ó ti kùnà nìyẹn.

Àwọn awakọ̀ náà kì í ṣe ọ̀dẹ̀. Òmíràn bu tíì tútù sínú ife. Òmíràn ní wáìnì oúnjẹ Olúwa tí òun gbà lánàá ni ẹ̀rọ ń gbọ́ lẹ́nu òun. Màmá lọ bá àlùfáà, wọ́n bi wọ́n pé báwo ni wáìnì tí wọ́n ń fún èèyàn ṣe pọ̀ tó, àlùfáà ní ṣíbí kan péré. Màmá padà, wọ́n sọ fún awakọ̀ náà pé á jẹ́ pé ó ti gba oúnjẹ Olúwa nígbà igba láàárín àná sí òní. Èyí tó lókìkí jù ni ti ẹni tó gbọ́ pé ìlà kan wà lára ife tó ń fi hàn bóyá ìtọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lára èèyàn, torí kò gbọdọ̀ tutù. Ó tọrọ ìtọ̀ lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀ tí kì í mutí, ó rọ ọ́ sínú ìgò, ó gbé e lé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kó lè móoru. Nígbà tí Màmá gba ife lọ́wọ́ rẹ̀, díẹ̀ ló kù kí ọwọ́ wọn bó. Wọ́n wo ìlà, wọ́n wo ọkùnrin náà, wọ́n sì bi í jẹ́jẹ́ pé ẹni tí ara rẹ̀ gbóná tó báyìí, ìgbà wo ló kú. Ẹ́ńjìnnì ni gbogbo ọgbà ń pè é láti ọjọ́ náà. Ó ti di alága ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ tó fẹ̀yìn tì, ó sì wà láàárín wa lónìí. Ó ní kí a má dárúkọ òun, a ò sì dárúkọ rẹ̀.

Àyẹ̀wò náà ló fa ìgbéyàwó. Ní oṣù kẹta ọdún 1990, awakọ̀ tuntun kan wá ṣe àyẹ̀wò ìgbanisíṣẹ́, ìtọ̀ kọ̀, kò jáde. Òfin ní kí wọ́n fún un lómi mu, kó sì jókòó síbẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta. Ojú ti ọkùnrin náà débi pé ó ń ka táyà tó wà níta fèrèsé. Màmá jókòó tì í pẹ̀lú aago lọ́wọ́. Ní wákàtí àkọ́kọ́, ó mu ife omi mẹ́ta. Ní wákàtí kejì, ó béèrè bóyá wọ́n ti lọ́kọ. Nígbà tí wákàtí mẹ́ta ku ìṣẹ́jú méje, ìtọ̀ dé, àyẹ̀wò sì mọ́. Bàbá wa nìyẹn. Wọ́n ṣègbéyàwó ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kejìlá ọdún náà. Títí di òní ni Bàbá ń sọ pé kò sí obìnrin mìíràn tó lè fi sùúrù dúró de òun tó bẹ́ẹ̀ torí nǹkan tó kéré tó bẹ́ẹ̀.

Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́ta ta wọ́n lọ́rẹ, ẹni tó ń kọ ìtàn yìí sì ni àkọ́bí. Ẹ jẹ́ ká sòótọ́, kò rọrùn láti jẹ́ ọmọ Màmá. Bí o bá ní o ti fọ eyín, wọ́n á ní kí o fẹ́ atẹ́gùn sí àwọn nímú. Nínú ìjọ, ẹgbẹ́ akọrin ni wọ́n wà, wọ́n sì máa ń dá orin dúró lágbede méjì bí ohùn ẹnì kan bá yẹ̀. Àwọn náà ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àdúgbò wa. Láyé wọn, awakọ̀ tó ń gbé omi wá sí òpópónà yìí kò gbọdọ̀ wọlé láìfẹ́ atẹ́gùn sí ẹ̀rọ. Ó sì ń fẹ́ ẹ, torí bí òùngbẹ tiẹ̀ mú ká bá a bẹ̀ wọ́n, wọn kì í gbà.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Àwa ọmọ ò fẹ́ kó wọ inú ìwé ìsìnkú yìí, àmọ́ Bàbá ní bí a bá yọ ọ́, ká yọ fọ́tò àwọn náà. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹta ọdún 2005, Bàbá lọ bá ọ̀rẹ́ wọn tó fẹ̀yìn tì ṣàjọyọ̀. Màmá ò sí nílé. Wọ́n lọ tọ́jú àbúrò wọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, láti ibẹ̀ ni wọ́n sì ti gba ibi iṣẹ́ lọ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Bí wọ́n ṣe tan kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà Bàbá ló kọ́kọ́ jáde. Ọkọ̀ Bàbá sì ti wà lẹ́nu géètì, epo bẹntiróòlù ẹgbẹ̀rún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n lítà nínú rẹ̀. Ìlànà fẹ́ kí ẹlòmíràn yẹ ọkọ wọn wò, ṣùgbọ́n ara aláyẹ̀wò kejì ò yá, kò wá síṣẹ́. Màmá tẹ ọ̀gá láago. Ọ̀gá ní kí wọ́n ṣe ohun tó bá tọ́ lójú wọn, ó sì yára gbé fóònù sílẹ̀. Màmá lè sún un di ọ̀la, kò sẹ́ni tó máa bi wọ́n. Bẹ́ẹ̀, bí Bàbá bá kùnà, wọn ò ní wakọ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà, wọ́n sì lè má padà sídìí ọkọ̀ mọ́ láé. Ilé tí a ń kọ́ ò tíì dé òrùlé, ọmọ mẹ́ta sì wà nílé ìwé. Màmá ní kí wọ́n pe nọ́ńbà náà.

Bàbá wọlé tẹ̀rín-tẹ̀rín, wọ́n rò pé oúnjẹ ni Màmá gbé wá fún wọn. Nígbà tí wọ́n rí ẹ̀rọ, ẹ̀rín tán. Wọ́n fẹ́ ẹ, ó kọjá ààlà. Òfin ní kí èèyàn tún jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, láìjẹ láìmu, kó tó fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀ẹ̀kejì yìí ni yóò sì dájọ́. Bàbá bẹ̀bẹ̀. Wọ́n ní àwọn ti sùn, àwọn ti wẹ̀, ojú àwọn dá. Màmá ní ó ku ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Bàbá rán wọn létí ilé, wọ́n rán wọn létí ọmọ, wọ́n tún rán wọn létí ọjọ́ tí àwọn gbé ìyá Màmá lọ sílé ìwòsàn nínú òjò. Màmá ní ó ku ìṣẹ́jú mẹ́fà. Inú wá bí Bàbá. Wọ́n ní, "Ìwọ obìnrin yìí, ṣé o tiẹ̀ nífẹ̀ẹ́ mi rárá?" Màmá wo aago. Wọ́n ní, "Mo nífẹ̀ẹ́ yín. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹ má fi nǹkan kan sẹ́nu." Ẹ̀ẹ̀kejì náà kọjá ààlà. Màmá kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù, wọ́n fọwọ́ sí i, wọ́n ní kí Bàbá náà fọwọ́ sí i, wọ́n sì gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n wọ ilé ìtọ̀ aláró yẹn, wọ́n tilẹ̀kùn, wọ́n sunkún. Ẹ́ńjìnnì ló gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ògiri, òun ló sọ fún wa.

Awakọ̀ mìíràn gbé ọkọ̀ náà lọ, ó sì dé láyọ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ọdún mọ́kàndínlógún ni Bàbá fi ń sọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ méje ni wọn ò fi bá Màmá sọ̀rọ̀. Wọ́n á ní, "Sọ fún ìyá rẹ pé kó gbé iyọ̀ wá." Màmá á ní, "Sọ fún bàbá rẹ pé iwájú wọn ló wà." Orí tábìlì kan náà ni gbogbo wa jókòó sí. Bàbá gba ìtọ́jú nítorí ọtí fún oṣù mẹ́rin, aláyẹ̀wò kejì ló sì ṣe àyẹ̀wò ìpadàsíṣẹ́ fún wọn. Láàárín ọdún méjì tó tẹ̀ lé e, ìgbà mẹ́tàlá ni wọ́n pè wọ́n láìròtẹ́lẹ̀, mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlá ló mọ́. Wọn ò fẹnu kan ọtí mọ́, wọ́n sì wakọ̀ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì ní ọdún 2013. Ilé náà dé òrùlé, bó tilẹ̀ pẹ́. Ṣùgbọ́n bí ìjà kékeré bá ti ṣẹlẹ̀, Bàbá á ní, "Ọkọ̀ yẹn kúkú dé láyọ̀." Màmá á kàn máa bá iṣẹ́ ọwọ́ wọn lọ. Ó ń dùn wọ́n. Lọ́jọ́ kan tí a jọ ń ká aṣọ, wọ́n sọ fún mi pé nínú gbogbo iṣẹ́ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí àwọn ṣe, ìyẹn nìkan ni àwọn ò mọ̀ bóyá àwọn ṣe dáadáa.

Màmá fẹ̀yìn tì ní ọdún 2015. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejì oṣù kẹfà ọdún 2024, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, wọ́n ní kí àwọn sinmi fún ogún ìṣẹ́jú. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n máa kọjá àkókò tí wọ́n dá. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni wọ́n. Wọ́n fi ọkọ sílẹ̀ lọ, wọ́n fi ọmọ mẹ́ta, ọmọ-ọmọ márùn-ún àti àbúrò obìnrin kan sílẹ̀, pẹ̀lú ọ̀pọ̀lọpọ̀ awakọ̀ tí wọ́n ṣì wà láàyè láti máa bínú sí wọn.

Nígbà tí mo ka ìtàn yìí sí Bàbá létí lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ní kò tíì pé, wọ́n ní kí n jókòó. Wọ́n ní ní oṣù kìíní ọdún 2005, oṣù méjì ṣáájú àyẹ̀wò yẹn, àwọn mutí níbi tí àwọn ti ń sinmi lójú ọ̀nà, àwọn sì tún gun ọkọ̀. Epo kún inú rẹ̀. Nígbà tí àwọn máa lajú, koríko ni àwọn rí níwájú. Oorun ti gbé àwọn lọ lọ́sàn-án gangan, ọkọ̀ ti kúrò lójú títì, ó ti lọ dúró lẹ́yìnkùlé ilé kan. Aṣọ ọmọdé wà lórí okùn níbẹ̀, iwájú ọkọ̀ sì fi bí ìgbésẹ̀ mẹ́rin jìnnà sí i. Kò sẹ́ni tó rí wọn. Wọ́n rọra fi ẹ̀yìn rìn padà sójú ọ̀nà, wọ́n fa koríko kúrò lára táyà, wọn ò sì sọ fún ẹ̀dá kankan. Wọ́n ní ní gbogbo ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn, aṣọ orí okùn yẹn ni àwọn ń rí. Wọ́n ní ìtìjú ni kò jẹ́ kí àwọn sọ ọ́ fún Màmá, ìtìjú náà ló sì ń pariwo ọkọ̀ tó dé láyọ̀ láti gbogbo ọdún yìí wá.

A ní kí wọ́n lọ sọ ọ́ lẹ́bàá ibojì, wọ́n kọ̀. Wọ́n ní etí gbogbo ayé ni àwọn ti ń bá Màmá jiyàn, etí gbogbo ayé náà ni kó ti parí. Nítorí náà, ẹ̀yin ẹbí, ará àti ọ̀rẹ́ tí ẹ mú ìwé yìí lọ́wọ́, ẹ bá wa jẹ́rìí sí i.

Màmá, Bàbá ní kí a sọ fún yín pé ẹ̀yin lẹ jàre. Ẹ sùn re o.