Kábúrétọ̀ Ọkọ̀ Bàbá

Bódìjà, Ìbàdàn,
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù Ọ̀wàrà, 1994.

Kòfowórọlá, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ púpọ̀. Ṣé ara le? Ṣé ìpalẹ̀mọ́ ìgbéyàwó ò tíì sọ ọ́ di egungun? Ara gbogbo wa dá níbí, bí a bá yọ ti ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kúrò. Jọ̀wọ́, jókòó kí o tó kà á.

O mọ̀ pé láti ìgbà tí ojú Bàbá ti fọ́, ohun kan náà ni wọ́n ń tẹnu mọ́: píkọ́ọ̀pù àwọn, èyí tó gbé ọ wálé láti ọsibítù nígbà tí wọ́n bí ọ, ni yóò gbé àwọn wá sí Ìkẹ́rẹ́ láti fà ọ́ lé ọkọ lọ́wọ́. Wọn ò ní wọ ọkọ̀ ẹlòmíràn. Èmi náà sì ti ṣèlérí fún wọn.

Ọkọ̀ ọ̀hún ni ò gbà. Nígbà tí epo wọ́n, èyí tí mo rà nínú kẹ́ẹ̀gì lẹ́bàá títì ní Mọ́kọ́lá ní omi nínú. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti fẹ́ kó sáré, á wúkọ́, á kú. Ahmed, mẹkáníìkì wa ní Agbowó, pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, kò gbọ́. Ó tú pọ́ǹpù epo, ó fọ̀ ọ́, kò gbọ́. Ó wá tú kábúrétọ̀, ó ń fẹnu fẹ́ àwọn ihò inú rẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi pọ́n, ó sì dè é padà. Èéfín dúdú ń rú, epo ń kán sílẹ̀. Ìgbà tó tún un tú ló rí i pé ara rẹ̀ ti sán. Ó ní kò sí ohun tí òun lè ṣe sí i mọ́.

A lọ sí Géètì níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ tòkúnbọ̀, a ò rí irú ti Bàbá. A ra ti ọkọ̀ mìíràn tó fara jọ ọ́, Ahmed sì gé irin pẹlẹbẹ kan láti fi mú un bá tiwa mu. Kòfó, ọkọ̀ náà ṣíná lẹ́ẹ̀kan náà, ariwo rẹ̀ àtijọ́ ti lọ, ó ń dún jẹ́jẹ́ bí ọkọ̀ ọ̀gá báńkì. Inú mi dùn débi pé mo ní kí wọ́n tún bọ́dì rẹ̀ ṣe, kí wọ́n kùn ún, kí ojú má baà tì ọ́ níwájú àwọn àna.

Ibẹ̀ ni mo ti ṣìṣe. Bí mo ṣe wà á dé, Bàbá jáde, wọ́n tẹ́tí, wọ́n béèrè pé àlejò wo ló dé. Mo ní ọkọ̀ wọn ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n fi ọ̀pá rìn dé ìdí rẹ̀, wọ́n sì ń fọwọ́ wá ibi tó tẹ̀ wọnú níwájú, níbi tí wọ́n ti fi gbá ògiri ní Dùgbẹ̀ láàárọ̀ tí wọ́n ń gbé Màámi lọ bí ọ. Ibẹ̀ ti ń dán. Ẹ̀rín kúrò lójú wọn.

“Adéróunmú, o ti ta ọkọ̀ mi, o wá lọ yá ti ẹlòmíràn, torí pé mi ò ríran.”

Mo dọ̀bálẹ̀, mo búra. Ahmed náà wá fi Kùránì búra. Bàbá ní ó ṣeun tó ń bá ọ̀gá rẹ̀ gbè. Mo gbé kábúrétọ̀ tó sán lé wọn lọ́wọ́, wọ́n ní irin ni irin ń jẹ́. Mo tún padà sọ́dọ̀ ẹni tó tún bọ́dì ṣe pé kó bá mi lù ú wọnú padà. Ó wò mí bí ẹni pé orí mi ti dàrú, àmọ́ ó lù ú. Bàbá fọwọ́ pa á títí.

“Eléyìí tuntun ni,” ni wọ́n wí, wọ́n sì wọlé lọ.

Nítorí náà, má retí Bàbá lọ́jọ́ Sátidé. Bàbá Oyèṣọlá, àbúrò wọn, ni yóò fà ọ́ lé ọkọ lọ́wọ́. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀kan náà. Mo ti bẹ̀ wọ́n títí ó sú mi, mi ò sì rí i pé wọ́n lè yí ọkàn padà. Ó dùn mí gan-an.

Ilé ọkọ yóò tù ọ́ lára. Wàá bí ọmọ tí yóò gba ọ̀rọ̀ rẹ gbọ́, tí ìwọ náà yóò gba tirẹ̀ gbọ́. Ọlọ́run yóò fi ìdùnnú kún ilé rẹ.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Adéróunmú.

Àfikún: Bàbá ti ń gbé àga jáde sẹ́bàá títì láràárọ̀ báyìí. Wọ́n ní ẹni tó ra ọkọ̀ àwọn kò ní ṣàì gba iwájú ilé wa kọjá lọ́jọ́ kan, àwọn yóò sì dá ìró ọkọ̀ náà mọ̀. Lánàá mo wa ọkọ̀ Bàbá lọ sọ́jà, mo sì rọra kọjá níwájú wọn. Wọn ò gbórí sókè.