Irun Tí Mo Dì ní Àgọ́ Ọlọ́pàá

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé ara le? Bí o bá béèrè èmi ìyá rẹ, orúnkún ń dùn mí, ṣùgbọ́n ẹnu ò dùn mí, ìyẹn ni mo ṣe ń kọ̀wé. Ojú ò ní tì ọ́ láàárín ẹgbẹ́, ìlú ńlá yẹn ò ní le mọ́ ọ, ẹni tó ń wá ìṣubú rẹ ni yóò máa na ọwọ́ gbé ọ dìde. Àmín.

Má pè mí lórí fóònù o. Àgọ́ ọlọ́pàá ni fóònù mi wà. Wọn ò gbà á lọ́wọ́ mi, èmi ni mo fi sílẹ̀, torí inú rẹ̀ ni ìwé àṣẹ ilé ẹjọ́ tí o fi ránṣẹ́ wà, mo sì rò ó pé ìwé adájọ́ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gbé kiri ọjà. Bí o bá pè é, sájẹ́ńtì obìnrin kan ni yóò gbé e. Kí i dáadáa, ó ṣe mí lóore.

Ṣé o rántí pé ilé ẹjọ́ ní ọ̀dọ̀ rẹ ni ọmọ rẹ, Aláròyé wa, yóò máa gbé, kí bàbá rẹ̀ máa mú un ní ìsinmi, bí ìsinmi bá sì parí kí ó fà á lé mi lọ́wọ́? Ìsinmi parí, àwọn ọmọ wọlé ẹ̀kọ́, ọkọ rẹ àtijọ́ ò dá ọmọ padà. Ni mo bá gba àgọ́ lọ bí o ti wí. Mo gbé fóònù sórí káńtà, mo kúnlẹ̀ kí i, torí o ní òǹtẹ̀ adájọ́ wà nínú rẹ̀. Mo ní kí ọlọ́pàá tó jókòó níbẹ̀ ṣí fìlà. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó wá ní ìjà tọkọtaya ò kan ọlọ́pàá, pé ẹnikẹ́ni ò dárúkọ ọlọ́pàá nínú ìwé náà. Inú bí mi! Mo bi í bóyá bí ilé bá ń jó, ṣe ni panápaná máa ń dúró kí iná kọ́kọ́ kọ̀wé pè é.

Ariwo mi ni sájẹ́ńtì gbọ́ tó fi jáde. Ó ránṣẹ́ pe bàbá ọmọ, òun náà fa ọmọ lọ́wọ́ dé, ó yọ ìwé tirẹ̀ nínú ọ̀rá. Ìwé tí ilé ẹjọ́ kọ́kọ́ kọ ni, kí ẹjọ́ tó parí, tó ní kí ọmọ ṣì wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ní òǹtẹ̀ pupa wà lára tòun, àwòrán lásán ni tèmi. Wọ́n ki ìwé náà bọ ẹ̀rọ kan tó ń kọ mànàmáná, àfi bó ṣe di méjì lójú mi! Mo ní ìbá ṣe pé ọmọ ṣeé kì bọ̀ ọ́, oníkálukú ìbá mú ọ̀kan, ìjà ìbá tán. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Sájẹ́ńtì pe akọ̀wé ilé ẹjọ́, pé èwo ni káwọn dì mú. Ìyẹn ní òun ń lọ yẹ fáìlì wò, òun á pè padà. Bàbá ọmọ ní òun ò lè dúró, òun ń mú ọmọ lọ. Mo sì ti gbọ́ pé ó ti di ẹrù, pé ó fẹ́ kó lọ síbi tí a ò mọ̀. Bó bá fi jáde níbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ yẹn, ó di gbére.

Mo wá wo orí ọmọ. Irun ti ta kókó. Aláròyé tí í rojọ́ fún ògiri ò sọ ọ̀rọ̀ kan. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ àgọ́ ọlọ́pàá. Mo fà á sáàárín orúnkún mi, mo yọ òòyà nínú àpò, mo tú apá kan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í dì í. Bàbá rẹ̀ ní kí ó dìde káwọn máa lọ. Sájẹ́ńtì bi í bóyá bí wèrè ló fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ ṣe rìn láàárín ìgboro. Ó jókòó. Èmi náà wá dì í wẹ́wẹ́, wẹ́wẹ́ tí mi ò dì rí fún ẹni tó sanwó.

Fáànù ń yí lókè, kò fẹ́ ẹnikẹ́ni. Oòrùn gba ojú fèrèsé wọlé, ó nà sórí àwọn fáìlì. Ọlọ́pàá tó rẹ́rìn-ín ti sùn lọ. Orí ọmọ wúwo sí itan mi, oorun gbé e, ó gbé èmi náà, ọwọ́ mi ṣì ń dì í lọ. Mo rí ọ, o kéré, ìwọ lo jókòó síwájú mi, o ń béèrè bóyá ó kù díẹ̀. Mo ní ó kù díẹ̀, ọmọ mi. Àṣé mo ti sọ ọ́ síta, mo sì pe orúkọ rẹ. Nígbà tí mo lajú, bàbá ọmọ ń wo ilẹ̀. Mo káàánú rẹ̀, mi ò ní purọ́ fún ọ.

Fóònù sájẹ́ńtì dún. Akọ̀wé ní ìwé ìkẹyìn ló ń ṣiṣẹ́, ti àkọ́kọ́ ti kú, kí ọlọ́pàá rí i pé ọmọ bọ́ sí mi lọ́wọ́. Bàbá ọmọ ò jà. Òun ló bá mi gbé e pọ̀n. Ó ní kí n má pa iná bó bá ń sùn, pé ó ń bẹ̀rù òkùnkùn.

Aláròyé ti rí ẹnu rẹ̀ padà, etí mi ti kún. Ṣùgbọ́n orúnkún mi ti wú, mi ò lè mú un wá bá ọ. Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún òògùn àti páànù ilé ìdáná tó ń jò. Má fi sínú fóònù o, kó má baà di ti sájẹ́ńtì. Bí kò bá sì tó, fi wọ ọkọ̀, kí o wá fúnra rẹ. Irun náà ò tíì parí. Ó ku ìdì kan níwájú orí. Ìgbàkígbà tí mo bá na ọwọ́ sí i, ọmọ á fi ọwọ́ bò ó, á ní ti màmá òun nìyẹn.

Ọ̀nà á là fún ọ, ọmọ mi. Tètè máa bọ̀.

Ìyá rẹ.